Fíìmù wo ni mo lè bá Bàbá mi wò tí yóò tù wọ́n nínú?

Aránṣọ_Òkefìà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín.

Ìyá mi jáde láyé ní oṣù méjì sẹ́yìn. Wọ́n dàgbà kí wọ́n tó lọ, a sì sin wọ́n bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ Bàbá mi ló kù sí mi lọ́rùn báyìí. Ẹni ọdún 77 ni wọ́n, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa. Látìgbà tí àlejò ti tú ká nílé ni oorun ti dá lójú wọn. Bí mo bá dìde lóru, orí àga ní pálọ̀ ni màá bá wọn, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Ohun tó sì máa ń wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa wò: wọ́n ń fi májèlé sọ́bẹ̀, wọ́n ń bẹ́ orí ènìyàn, igbe ń sọ. Mo fẹ́ pa á lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, pé kí ohùn ènìyàn ṣáà máa dún nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá ń wá fíìmù tàbí dọkumẹ́ńtárì tí èmi àti wọn lè jọ wò, tí àyà èèyàn á fi fúyẹ́ díẹ̀. Wọn ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo lè máa túmọ̀ fún wọn.

Bàbá_Ìbejì

O kú àṣẹ̀yìndè, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ìyá á dára, Ọlọ́run á dá bàbá sí fún yín.

Ẹni ọdún 77 tó ń gbé Òṣogbo, ojú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ Aláwàdà ṣe. Wá Ọ̀run Móoru fún wọn, èyí tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe ní 1982, tí Ọlá Balógun sì darí. Bí wọ́n bá ti rí ọkùnrin yẹn pẹ̀lú awò ojú ràgàjì àti aago ńlá tó so mọ́wọ́, wọ́n á rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń kó wọ ilé ẹni kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n. Mosebọ́látán náà wà, 1985 nìyẹn. Àwọn olè ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru kó tó lè mówó wọlé fún un, ó sì dùn ún wọra, síbẹ̀ ó padà sórí ìtàgé, ó tún pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni oògùn ohun tó ń ṣe bàbá rẹ.

Ọmọ_Olúmọ

Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí. Maami ni tèmi, èyí tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2011. Ìtàn Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ni wọ́n gbé e kà, Abẹ́òkúta wa ni ìtàn náà sì wà. Fúnkẹ́ Akíndélé ló ṣe ìyá, Wọlé Òjó ṣe ọmọ rẹ̀, Káṣìmáawò, nígbà tó dàgbà tó ti di agbábọ́ọ̀lù ńlá nílẹ̀ òkèèrè. Ìyá yẹn ò ní kọ́bọ̀, àmọ́ ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, ó ń bá a jà, ó ń bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì wò ó tán kí n má pe ìyá mi lórí fóònù.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ọmọ Olúmọ, fíìmù dáadáa lo dárúkọ, àmọ́ jẹ́ ká fọ̀ràn ro ara wa wò. Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin aya rẹ̀, kó wá jókòó máa wo ìyá tó ń jìyà nítorí ọmọ? Jẹ́ kó ṣe díẹ̀ ná.

Aránṣọ, ẹ kú àfẹ́kù ìyá. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní Manchester, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá délé láàárọ̀ tí ara mi rẹ̀ tí oorun ò sì wá, My Octopus Teacher ni mo máa ń tẹ̀. Octopus ni ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn. Ọkùnrin ará South Africa kan, Craig Foster, ni iṣẹ́ ti rẹ̀, tí ayé ti sú. Ló bá ń lọ lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ nínú òkun tútù nítòsí Cape Town, kò wọ aṣọ òtútù, kò gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti rí ẹranko náà tó kó ìkarawun àti òkúta bo ara rẹ̀, bí ẹni fi aṣọ bora. Ó ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò fún nǹkan bí ọdún kan. Ọjọ́ tí ẹranko yẹn na ọwọ́ kan jáde látinú ihò rẹ̀, tó fi kan ọwọ́ ọkùnrin náà, mo dá fíìmù dúró, mo tún ibẹ̀ wò. Ẹja ekurá kan já a lọ́wọ́ kan jẹ nígbà tó yá. Ọwọ́ yẹn tún hù, ó kọ́kọ́ kéré bí ìka ọmọdé, títí ó fi tó àwọn yòókù.

Ó gba Oscar ní 2021. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà níbẹ̀ o, àmọ́ Bàbá lè fi ojú lásán lóye púpọ̀ nínú rẹ̀.

Aránṣọ_Òkefìà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan: ṣé ẹranko náà kú?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ó kú. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó yé ẹyin, ó ń ṣọ́ wọn, okun rẹ̀ sì ń tán lọ títí àwọn ọmọ fi pa. Bí gbogbo irú wọn ti ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ fíìmù ò parí síbẹ̀. Ọkùnrin náà àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin la rí gbẹ̀yìn, wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kan náà.

Bàbá_Ìbejì

Nọ́ọ̀sì, má bínú sí mi. Ilé tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde, ẹ tún fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n pè é wọlé? Kí ọmọ yìí wá Bàbá Sàlá fún bàbá rẹ̀, kí ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ìfun rẹ̀ á fi so.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Mi ò lè bínú sí yín, sà. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà tí àbúrò mi kú, gbogbo èèyàn tó mọ̀ mí ló ń fi fídíò apanilẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí mo bá ti pa fóònù, ilé á tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á wá dà bíi pé èmi nìkan ni nǹkan ṣe láyé yìí. Ọjọ́ tí mo wo ọkùnrin tó ń lọ bẹ ẹranko wò nínú òkun ni mo tó rí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan lè bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tó sì tún dìde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó wọ inú omi. Mo sunkún. Mo sùn lẹ́yìn náà, oorun gidi, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Níbi iṣẹ́ mi náà, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú kì í pẹ́ mọ̀ bí a bá ń fi ipá pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ṣe nígbà ayé agbára rẹ̀. Ẹ gbé eré aláwàdà sí i, á kọ ojú sí ògiri. Ẹ gbé fídíò ibi tí màlúù ti ń bímọ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ náà jáde. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wo ohun tí Bàbá fi ọwọ́ wọn ṣe láyé, kí ẹ sì wá fíìmù tó bá a mu.

Tísà_Fìsíìsì

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Káfíńtà ni Bàbá, àbí? Ẹ fi The Boy Who Harnessed the Wind hàn wọ́n.

Ìtàn òtítọ́ ni. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, ìyàn ńlá mú ní 2001 sí 2002. William Kamkwamba, ọmọ ọdún 14, kúrò nílé ìwé nítorí pé bàbá rẹ̀ ò rí owó san. Ó wá ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré kan, ó rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan tí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí wà níwájú rẹ̀. Òyìnbó inú ìwé náà le fún un, àwòrán ló ń wò. Igi ló fi kọ́ òpó, ó fi kẹ̀kẹ́, páìpù rọ́bà àti pàǹtírí ṣe ìyókù. Chiwetel Ejiofor ló darí fíìmù náà ní 2019, òun náà ló sì ṣe bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú tísà wò ó díẹ̀. Nínú fíìmù, ẹ̀rọ náà ń fa omi sí oko. Ní ti òtítọ́, gílóòbù nínú ilé ni èyí tó kọ́kọ́ ṣe ń tàn, ti omi dé lẹ́yìn. Dáínámò kẹ̀kẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Mágnẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n wé jọ, bó bá ti ń yí ni iná ń jáde. Mo máa ń gbé dáínámò àlòkù wọ kíláàsì, màá ní kí ọmọ kan fi ọwọ́ yí i. Bí gílóòbù kékeré yẹn bá ti ṣẹ́jú báyìí, gbogbo kíláàsì á hó gèè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó máa ń sọ ìtàn William fún wọn.

Ìyàn inú fíìmù yẹn le o. Ẹ má gbé e sí i nígbà tí ebi bá ń pa yín.

Ẹlẹ́njìnnì

Bàbá ò gbọ́ òyìnbó, ẹ wá ń ka ti òyìnbó lọ rẹpẹtẹ. Mokalik ńkọ́? Kúnlé Afọláyan, 2019. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan lo ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọgbà mẹkáníìkì. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣe oògùn. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ náà mọ gbogbo àwọn èèyàn inú rẹ̀, láti orí ọ̀gá dé orí olóúnjẹ.

Ọmọ_Olúmọ

Mo gba ìbáwí Nọ́ọ̀sì. Mo fi Queen of Katwe (2016) rọ́pò Maami. Ọmọbìnrin tó ń ta àgbàdo ní Katwe, ní ìlú Kampala, tó di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí eré chess. Ọmọ wa David Oyèlówò ló ṣe olùkọ́ rẹ̀. Ní ìparí, àwọn òṣèré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ṣe ìtàn wọn gan-an, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tòkunbọ̀_Peckham

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Rise ni tèmi, ó sì ní ìdí.

Gbogbo ayé mi ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ba orúkọ mi jẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí akéde bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ń pariwo “Antetokounmpo”, mi ò mọ̀ pé Adétòkunbọ̀ ni. Wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ ọ́, wọ́n tún fi lẹ́tà òyìnbó tún un kọ, ó wá di àlọ́. Giannis, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí fíìmù náà dá lé, ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Charles, bàbá Giannis, ọmọ Yorùbá ni, Veronica ìyá rẹ̀ ọmọ Ígbò. Athens ni wọ́n ti bí Giannis ní 1994, síbẹ̀ kò ní ìwé ìlú kankan títí di 2013. Awò ojú àti báàgì ni wọ́n ń tà lójú pópó, wọ́n sì ń wẹ̀yìn nítorí ọlọ́pàá. Bàtà kan ni òun àti Thanasis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń pín wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù: bí ọ̀kan bá jáde, á bọ́ ọ fún èkejì.

Akin Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ló darí fíìmù náà fún Disney ní 2022. Uche àti Ral Agada, tọmọ ìyá tọmọ ìyá, ló ṣe Giannis àti Thanasis. Ohun tó mú mi níbẹ̀ kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Bàbá yẹn ni. Dáyọ̀ Òkẹ́níyì ló ṣe é. Bí gbogbo nǹkan ṣe le tó, ó dúró ti àwọn ọmọ rẹ̀. Charles kú ní 2017. Ọdún 2021 ni Giannis gba ife NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, Thanasis sì wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Aránṣọ, bí ẹ bá ń wò ó, ẹ jẹ́ kí Bàbá bá wa pe orúkọ náà dáadáa.

Aránṣọ_Òkefìà

Mo padà wá jábọ̀. Alẹ́ àná la wo ti ọmọ Màláwì.

Mò ń túmọ̀, ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ha. Bàbá ò sọ nǹkan kan títí ọmọ yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òpó rẹ̀. Wọ́n ní, “Wọn ò kan igi yẹn dáadáa. Atẹ́gùn á gbé e.” Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n fi ìka tọ́ka sójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ibi tó yẹ kí ìṣó méjì wọ̀ hàn mí. Nígbà tí ọmọ náà ní kí bàbá rẹ̀ jẹ́ kí òun tú kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tí bàbá náà gbaná jẹ, mo wo ojú Bàbá mi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, “Èmi náà ì bá kọ́kọ́ kọ̀.”

Aago méjì òru ni wọ́n tó wọlé lọ sùn. Ó ṣì pẹ́, àmọ́ yàrá ni wọ́n wọ̀, kì í ṣe orí àga.

Bàbá Ìbejì, mo ti rí Mosebọ́látán. Ọjọ́ Sátidé la máa wò ó nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá dé, kí ilé lè kún.

Bàbá_Ìbejì

Ìṣó méjì! Káfíńtà gidi ni bàbá rẹ. Nọ́ọ̀sì, mo gbà fún ọ.

Akọrin_Agége

Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Gìtá ni mò ń ta, ẹ jẹ́ kí n gbé ti àwọn àgbà olórin wá.

Buena Vista Social Club. Ọmọ Jámánì kan, Wim Wenders, ló yà á, ó jáde ní 1999. Ní 1996, Ry Cooder, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sí Havana ní Kúbà, wọ́n kó àwọn àgbà olórin tí ayé ti gbàgbé jọ. Ibrahim Ferrer ti fi orin sílẹ̀, ó ń dán bàtà fún èèyàn. Rubén González ò ní dùùrù nílé mọ́. Compay Segundo ti ń sún mọ́ 90, sìgá ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àwo jáde ní 1997, ayé dìde. Ọjọ́ kìíní oṣù keje 1998, wọ́n bá ara wọn ní Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin ńlá ní New York.

Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ìtúmọ̀, orin ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Orin kan wà tí Ferrer àti Omara Portuondo jọ kọ, wọ́n dúró sún mọ́ra wọn. Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ferrer ò sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́, ó rọra nù ún fún un. Èmi tí mò ń fi orin jẹun, mi ò tíì rí ohun tó tó ìyẹn lórí ìtàgé.

Níbòmíràn, Ferrer mú wọn wọ ilé rẹ̀, ó fi ère San Lázaro rẹ̀ hàn wọ́n. Ní Kúbà, San Lázaro yẹn ni wọ́n ń pè ní Babalú Ayé. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Bàbá fojú ara wọn rí i.

Bí wọ́n bá gbádùn rẹ̀, ẹ wá Fàájì Àgbà tí Rẹ̀mí Vaughan-Richards gbé jáde ní 2015. Kúnlé Tẹ́júoṣó tó ni Jazzhole, ilé ìtàwé àti àwo orin ní Èkó, ló kó àwọn àgbà tiwa náà jọ, Fatai Rolling Dollar wà níbẹ̀. 1927 ni wọ́n bí Fatai, 1927 náà ni wọ́n bí Ferrer. Fatai ti lé ní 70 kí àwọn ọ̀dọ́ tó máa jó orin rẹ̀ ní gbogbo òde. 2013 ló kú, fíìmù náà ò tíì jáde.

Aránṣọ_Òkefìà

Akọrin, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín rẹ̀ lórí gìtá.

Iná dé ní aago mẹ́sàn-án lánàá, a bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí pálọ̀, mò ń kan bọ́tìnì. Bàbá ń fi ìka gbá ọwọ́ àga. Nígbà tí ọkùnrin yẹn fi ère rẹ̀ hàn, tó ń sọ nípa ọtí tó máa ń ta fún un, Bàbá bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún ni Babalú Ayé.

Wọ́n jókòó dáadáa. “Ọbalúayé kẹ̀? Títí dé ọ̀hún?”

Mo dá fíìmù dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìyá bàbá wọn fún mi, bí wọn ò ṣe gbọ́dọ̀ dárúkọ òrìṣà yẹn ní gbangba nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Olóde ni kí wọ́n máa pè é. Wọ́n ní àwọn ò gbọdọ̀ gbálẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní ìyá mi ò gba ìtàn yẹn gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, pé ó gbálẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti fi dán wọn wò, inú bí ìyá àgbà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èmi ò gbọ́ ọ rí. Ọdún 43 ni mo fi jẹ́ ọmọ wọn, mi ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dárúkọ ìyá mi látìgbà ìsìnkú nìyẹn tí kì í ṣe nínú àdúrà.

Mo tún tan fíìmù. Wọ́n bi mí ní ọjọ́ orí èyí tó ń tẹ dùùrù. Mo wò ó lórí fóònù: ẹni ọdún 79 ni nígbà tí wọ́n lọ sí New York. Wọ́n ní, “Ó fi ọdún 2 jù mí lọ,” wọ́n sì ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà lórí dùùrù.

Nígbà tí mo gbójú sókè látorí iṣẹ́ mi, wọ́n ti sùn. Orí àga náà ni, àmọ́ wọ́n sùn. Mi ò jí wọn. Mo fi ìró aṣọ ìyá mi bò wọ́n, mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, mi ò pa á.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń ka èyí. Ẹ ṣeun tí ẹ ò pa á.

Akọrin_Agége

Ṣé wọ́n ti dé Carnegie Hall kí Bàbá tó sùn lọ?

Aránṣọ_Òkefìà

Wọn ò tíì dé ibẹ̀. Bàbá ti bi mí láàárọ̀ yìí bóyá wọ́n jẹ́ kí àwọn bàbá yẹn kọrin nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ní kí wọ́n dúró di alẹ́.